Orí Kẹrin: Aṣọ Tí A Hun fún Ilẹ̀

Fọ́nrán mẹ́tàlélógún ni mo ti jó láàárọ̀ ọjọ́ náà kí Màmá Dárasími tó wọlé, gbogbo wọn ló sì jẹ́ irun: irun àgùntàn, irun orí àwọn ará Òkè Ọgbà tí onígbàjámọ̀ ìjọba dì sínú àpò, ìrù ẹṣin kan tí ẹnìkan rí nínú àjà ilé bàbá rẹ̀. Mo fi ẹ̀mú mú fọ́nrán, mo nà án sí iná fìtílà, mo gbóòórùn rẹ̀, mo fi ìka méjì lọ eérú rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, Sàfú sì lu òǹtẹ̀ funfun mọ́ ìdì náà.

"Irun."

Gbàm.

"Irun."

Gbàm.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká sinmi díẹ̀," ni Sàfú wí. "Ẹ̀ ń pe 'irun, irun' bí ẹni pé irun kan wà lórí wa."

Ó fi ọwọ́ gbá orí ara rẹ̀ pẹ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá a láná ni, ó ń dán bí àwo tánganran. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. N kò rẹ́rìn-ín síta, nítorí èémí máa ń da iná fìtílà láàmú.

Ẹni tó bá ń gbóòórùn fún ìlú kì í fi epo para. Kì í jẹ àlùbọ́sà, kì í jẹ irú, kì í fi ọṣẹ olóòórùn wẹ̀. Ní kùtùkùtù, mo máa ń fi omi iyọ̀ ṣan ihò imú mi lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó jáde nílé. Lára ilẹ̀kùn yàrá mi, pátákó kékeré kan wà tó ní ojú méjì. Wọ́n kọ "Imú là" sí ojú kan, wọ́n kọ "Imú ti dí" sí ìkejì. Bí ọ̀fìnkìn bá mú agbóòórùn, tàbí tí ó bá sọkún, dandan ni kó yí pátákó náà padà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé aṣọ wá fún un. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti wà lórí àga náà, n kò yí i padà rí. Nígbà tí ọkọ mi kú, wọ́n fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta. Mo sọkún fún ọjọ́ mẹ́ta náà nínú ilé. Ní ọjọ́ kẹrin, mo fi omi iyọ̀ ṣan imú mi, mo sì wá síbi iṣẹ́. Láti ìgbà náà, oṣù mẹ́jọ rèé, n kò tíì sọkún mọ́. Kì í ṣe pé ẹkún náà tán.

Ọ̀pá Màmá Dárasími ni mo kọ́kọ́ gbọ́ lójú ọ̀nà. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún ni. Ọ̀dọ́mọbìnrin méjì láti àdúgbò Òkè Ìrókò ń tẹ̀ lé e, wọ́n gbé aṣọ méje tí a dì pọ̀. Mo kúnlẹ̀.

"Dìde, Ìyá Ìyíọlá, dìde. Eékún tìrẹ náà ti gbó." Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń mí gúlegúle. "Akọ̀wé ẹnu ọ̀nà ní kí n fi í sílẹ̀ fún òun. Mo ní, 'Ìwọ wo? Ìyàwó ẹni tó hun ún ni yóò gbà á lọ́wọ́ mi.'"

Ó tú ìdì náà fúnra rẹ̀. Sányán ni. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí iyanrìn etídò lẹ́yìn òjò. Kí n tó wo etí rẹ̀ ni mo ti mọ ọwọ́ tó hun ún, àmọ́ mo wò ó: kókó òwú aró mẹ́ta, wọ́n kéré bí orí abẹ́rẹ́. Àmì Bàbá Ìyíọlá nìyẹn. Ó wà lára aṣọ méjèèje.

"Ọdún méjìdínlógún ló ti wà lábẹ́ ibùsùn mi," ni Màmá wí. "Mo ń dúró de ikú, ikú ò dé, òfin ló dé. Wọ́n ní kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gbé sányán wọlẹ̀ mọ́. Inú bí mi. Mo ní kí wọ́n wá jí i lábẹ́ mi nígbà tí mo bá ń sùn. Ìgbà tó yá, ọmọ Dárasími kó ọmọ tiẹ̀ wá kí mi. Mo ní kó la ẹnu kí n wo eyín rẹ̀ tuntun." Ó fi ìka tọ́ka sí èrìgì ara rẹ̀. "Ìlà aró ti wà létí èrìgì rẹ̀, Ìyá Ìyíọlá. Ọmọ ọdún méje."

Sàfú ṣe háà. Kò sí ẹni tí kò mọ ìlà náà ní ìlú wa. Òjé ni. Láti ibi tí wọ́n da bátìrì àtijọ́ sí lókè odò ló ti ń ṣàn wá, ó ti ń ṣàn kí wọ́n tó bí mi.

"Mo wá lọ bá àwọn ẹgbẹ́ mi," ni Màmá ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Mo ní ẹ kó tiyín jáde. Àwọn mẹ́fà yòókù bá mi jà, a bú ara wa, wọ́n sì kó o. Ti ilé-ìwé Òkè Míṣọ́n ni kẹ́ ẹ fi ṣe o. Ṣé wọ́n á pe orúkọ rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n bá dà á sínú omi?"

"Wọ́n á pè é, Màmá. Orúkọ ẹni tó mú aṣọ wá àti orúkọ ẹni tó hun ún."

"Tèmi ò ṣe pàtàkì. Tiẹ̀ ni kí wọ́n pè, kí òkè ó gbọ́."

Bí wọ́n bá fẹ́ da lẹ́búlẹ́bú tí a lọ̀ láti ara aṣọ sínú táńkì, ẹnìkan máa ń dúró lórí àkàsọ̀ láti pe orúkọ méjèèjì, ti ahunṣọ kẹ́yìn, gbogbo àwọn tó gbé garawa á sì dáhùn pé, "Omi ẹ tòrò o!" Lẹ́yìn náà wọ́n á kọ orúkọ ahunṣọ sára pátákó ńlá ẹ̀gbẹ́ táńkì. Orúkọ ọkọ mi, Ọláòṣebìkan, ló wà lókè pátápátá. Aṣọ rẹ̀ mẹ́ta ti kọjá lórí tábìlì mi tẹ́lẹ̀, aṣọ àtijọ́ sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Òfin ní kí n jó fọ́nrán mẹ́ta lára aṣọ kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan létí, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan lábẹ́ ìṣẹ́po. Mo fa ti etí. Ó jó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń rùn bí ìyẹ́ adìẹ tí a fi iná wi. Eérú rẹ̀ fọ́ lọ́wọ́ mi. Mo fa ti àárín.

Kò tíì kan iná tó fi sún kì. Èéfín dúdú yọ. Ìkán kékeré kan já bọ́ sórí àwo, ó gan lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó dà bí ojú ẹja yíyan. Òórùn dídùn burúkú kan gba imú mi. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, kò fọ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́.

Sàfú ti gbé òǹtẹ̀ funfun sókè. "Màmá?"

"Fìtílà yìí ń ṣe ségesège," ni mo wí. "Jẹ́ kí n gé òwú rẹ̀."

Irọ́ àkọ́kọ́ tí mo pa lórí tábìlì náà nìyẹn. Mo ní kí ó mú Màmá lọ sábẹ́ igi kí ó fún un lómi, kí òun náà sì lọ jẹun, pé a ó parí rẹ̀ kí fèrè ọ̀sán tó dún. Nígbà tí wọ́n jáde tán, mo dá jó ìyókù. Aṣọ méje. Etí gbogbo wọn, irun; bẹ́ẹ̀ là ń pe sányán náà lórí tábìlì wa. Àárín gbogbo wọn, ọ̀rá, òwú oníke. Àwọn ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí a rán pọ̀ di aṣọ, méjì ti ẹ̀gbẹ́ nìkan ló jẹ́ sányán nínú wọn, níbi tí ọwọ́ ènìyàn máa ń kàn. Ibi tí aṣọ máa ń ká sínú ni ó fi ọ̀rá sí. Ó rọra hun ún gan-an. Ó dọ́gba. Bí kì í bá ṣe iná, èmi tí mo sùn tì í fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kì bá mọ̀.

*

Yàrá tí a ti ń mú lẹ́búlẹ́bú gbẹ ni mo ti bá Déjì. Òun ni ọ̀gá Ilé Ọlọ. Ó tún jẹ́ ọmọ iṣẹ́ ọkọ mi nígbà kan rí, nítorí náà "Ọ̀gá" ni mo máa ń pè é níwájú ènìyàn, òun náà á sì máa pè mí ní "Ìyá wa" níbi gbogbo.

Yàrá náà funfun láti òkè délẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ gbogbo wa ń parí sí. Àwọn obìnrin yàrá àkọ́kọ́ á gé aṣọ wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi eérú. Wọ́n á dà á sínú ọlọ, pẹ̀lú àwọn òkúta róbótó tí wọn ò tóbi ju ẹ̀wà lọ, ọlọ á máa yí i nínú omi fún ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà ẹ̀rọ á fín omi náà sínú àgbá gbígbóná, á sì bọ́ sílẹ̀ bí lẹ́búlẹ́bú. Bí o bá dà á sí àtẹ́lẹwọ́, o kò ní mọ̀ pé ohunkóhun wà níbẹ̀. Síbẹ̀, bí ó bá kan omi, á wá gbogbo òjé inú rẹ̀ kiri, á dì í mú, á sì bá a wọ ìsàlẹ̀ lọ. Èyí tó wà lókè ni à ń mu.

"Ìyá wa, ẹ fi tábìlì sílẹ̀?" Déjì yọ ìbomú rẹ̀. "Ṣé kò sí?"

"Déjì." N kò pè é ní Ọ̀gá. Ojú rẹ̀ yí padà. "Níbo ni bàbá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti ń rí òwú ọ̀rá?"

Ó ń fi ìbomú gbọn lẹ́búlẹ́bú kúrò lọ́wọ́. Ẹ̀rọ ń fín nǹkan sínú àgbá lẹ́yìn wa, ṣììì, ṣììì.

"Èmi ni mò ń bá wọn rà á," ni ó wí níkẹyìn. "Ìyá wa, kòkòrò sányán ti tán. Ọjọ́ mẹ́ta la máa ń lò nínú igbó, ilé rẹ̀ márùn-ún, mẹ́fà, la ó rí. Àwọn èèyàn ò sì yéé wá. Ẹnìkan á dé, á ní ìyá òun wà lórí ẹní, òun ti ṣèlérí fún un. Á bú sẹ́kún. Ẹ mọ Bàbá, ẹ mọ bí wọ́n ṣe rí. Wọn ò lè sọ pé kò sí fún ẹni tó ń sọkún."

"Wọ́n lè sọ ọ́ fún èmi."

"Ojú ń tì wọ́n. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ ṣe é, wọn ò lè jẹun. Wọ́n ní, 'Déjì, ilẹ̀ ò ní jó fọ́nrán kan wò.'" Ó gbé ojú sókè. "Ilẹ̀ ni wọ́n hun ún fún, Ìyá. Wọn ò hun ún fún omi. Ta ló mọ̀ pé òfin yóò dé? Ta ló ti rò ó rí pé a ó máa mu aṣọ?"

Òtítọ́ ni.

Ó sún mọ́ mi. "Lẹ́búlẹ́bú tó kù fún ilé-ìwé, ọjọ́ mẹ́ta ló lè lò. Ọkọ̀ irun láti Agbélé, ọjọ́ mẹ́rìnlá. Irinwó ọmọ ni, nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí. Bí ẹ bá sọ pé irun ni, ẹ ò purọ́ tán. Díẹ̀ wà níbẹ̀. Díẹ̀ sàn ju òfo lọ."

"Ọ̀rá kì í lọ̀ kúnná, kì í sì í di òjé mú. Yóò dí asẹ́."

"Mo lè pààrọ̀ asẹ́."

"Tó o bá pààrọ̀ rẹ̀, yóò kọjá, àbí? Wọ́n á wọ̀n ọ́n, òṣùwọ̀n á ní ó pé. Tíṣà á dà á sínú táńkì, á ní ẹ wá mu. Omi á tòrò lójú. Wọ́n á mu ife kún fún òjé, Déjì, wọ́n á sì gbà pé ó mọ́. Bí kò bá sí rárá, wọ́n á kúkú mọ̀ pé kò sí, wọ́n á pọ́n díẹ̀ láti ibòmíràn, wọ́n á máa ṣọ́ ọ mu."

"Níbo ni ibòmíràn?"

Mo yí ojú sí àgbá náà.

"Àti orúkọ wọn," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì ti rẹlẹ̀. "Ẹ mọ òfin. Bí fọ́nrán kan bá jẹ́ ọ̀rá, a ó nu orúkọ ahunṣọ kúrò lára pátákó. A ò ní pè é mọ́ láéláé, àní lórí aṣọ tó dára. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́. Èmi ni wọ́n máa fún ní àkísà."

Mo rántí ọwọ́ ọkọ mi ní ọdún tó kẹ́yìn. Ó máa ń jókòó sídìí òfì, kò ní lè ju ọ̀kọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì. Á bọ́ sílẹ̀. Mo á he é fún un. Á tún bọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ìyá Ìyíọlá, má he é mọ́." Òjé ló pa á. Òun náà ní ìlà aró létí èrìgì.

"Mo ń lọ sílé," ni mo sọ fún Déjì. "Mo máa dé kí fèrè tó dún."

*

Oòrùn ti wà láàárín orí. Mo gba ẹ̀yìn ilé-ìwé kọjá. Àwọn ọmọ tò sídìí táńkì, olúkúlùkù pẹ̀lú ife rẹ̀, orí wọn ń dán nínú oòrùn bí ẹyin nínú abọ́. Tíṣà kan ń fi ṣíbí wọn omi fún wọn. Ilé-ìwé yẹn ni èmi náà lọ. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ti ń di ojú gbàdúrà.

Àpótí náà wà lẹ́sẹ̀ ibùsùn. Òórùn káńfọ̀ jáde bí mo ti ṣí i, mo sì yí ojú kúrò kí ó má baà ba imú mi jẹ́. Aṣọ ìgbéyàwó wa ni: ìró mi, bùbá mi, gèlè, ìborùn, agbádá tirẹ̀ àti fìlà. Òun ló hun gbogbo rẹ̀, ní ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Òfin fún agbóòórùn ní ẹ̀tọ́ kan tí kò fún ẹlòmíràn ní ìlú: ó lè fi ẹrù sányán kan pamọ́, kí wọ́n sì fi sin ín. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe gba iṣẹ́ náà. Nígbà tí ọkọ mi ń kú lọ, ó mọ̀ pé òwú lásán ni wọn yóò fi wé òun. Ó ní, "Kò burú. Wàá bá mi wọ tèmi mọ́ tìrẹ. Rọra rìn o, kí o má kọsẹ̀ nínú agbádá." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó ti rẹ̀ ẹ́ gan-an nígbà náà.

N kò jó fọ́nrán kankan lára rẹ̀ rí. Kí ni mo fẹ́ jó o fún?

Mo jókòó sílẹ̀, mo gbé agbádá náà lé ẹsẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú lórí ọdún. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, ṣé kòkòrò ṣì wà nínú igbó? Mo rántí pé ó lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìgbéyàwó, ó dé pẹ̀lú àpò kan tí kò kún. Mo rántí pé mo bi í pé ṣé yóò tó. Ó ní yóò tó. Kò wo ojú mi nígbà tó sọ ọ́, tàbí ó wò ó, mo ti gbàgbé.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀rá, kò sí ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ mi. Mo á gbé e padà sínú àpótí, wọ́n á fi sin mí. Ṣùgbọ́n yóò jẹ́ pé láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa ló ti ń tàn mí. Bí ó bá sì jẹ́ irun, kò tàn mí rí, aṣọ náà á sì wọ inú ọlọ lọ lónìí. N kò mọ èyí tí ǹ bá gbàdúrà fún. Ní Òkè Míṣọ́n wọ́n kọ́ wa ní àdúrà òjò, àdúrà ìdánwò, àdúrà fún aláìsàn àti fún ẹni tó wà lójú omi. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ wa ní èyí.

Mo di gbogbo rẹ̀ sínú ìborùn, mo gbé e rù.

*

Sàfú ti tan fìtílà nígbà tí mo dé. Màmá Dárasími ti padà sórí bẹ́ǹṣì, ó ń fi ìdí ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀ kóó, kóó. Déjì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Mo jókòó. Mo gbé ọwọ́ lé aṣọ àkọ́kọ́.

"Ọ̀rá," ni mo wí.

Sàfú wò mí bí ẹni pé mo sọ èdè ilẹ̀ òkèèrè. Òǹtẹ̀ funfun ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀, ó wá pupa kiri lórí tábìlì, kò rí i, nítorí a kì í sábà lò ó. Ó wà lábẹ́ ìwé. Mo tọ́ka sí i.

Gbàm.

"Ọ̀rá."

Ẹ̀ẹ̀méje ni mo sọ ọ́.

"Kí lo wí?" Màmá Dárasími ti dìde. "Kí ló wí, Sàfú? Etí mi kò gbọ́ dáadáa mọ́."

"Ẹ má bínú, Màmá," ni mo wí. "Àárín rẹ̀ kì í ṣe sányán."

"Ọkọ tìẹ ló hun ún!"

"Òun ni, Màmá."

"Mo fi í han àwọn ọmọ mi! Ọdọọdún ni mò ń sá a sóòrùn kí àwọn aládùúgbò lè rí i! Mo ti sọ fún Ọlọ́run alára pé ẹ máa dá mi mọ̀ lójú ọ̀nà, sányán Ọláòṣebìkan ló máa wà lára mi!" Ó kan ọ̀pá mọ́lẹ̀. "Ó rẹ́ mi jẹ."

"Ó rẹ́ yín jẹ, Màmá."

Ó dà bí ẹni pé ó ń retí pé kí n bá òun jà. Nígbà tí n kò jà, ó jókòó padà. Sàfú ká aṣọ Màmá sí mẹ́rin, ó rọra gbé e lé e lẹ́sẹ̀, nítorí òfin ní kí a dá èyí tó bá gba òǹtẹ̀ pupa padà fún olówó rẹ̀. Màmá wo aṣọ náà. Ó fi ìka gba orí àwọn kókó aró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Ṣé kí n gbé e lọ ni?"

"Tiyín ni, Màmá. Ọ̀rá kì í ṣe ti ìlú."

"Wọn ò ní wá gbà á lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí mo bá kú?"

"Kò sí òfin tó kan ọ̀rá nínú sàréè."

Lẹ́yìn náà ẹ̀rín kékeré kan bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín náà di ikọ́, Sàfú sì ń fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn.

"Olè," ni ó ń wí láàárín ikọ́ náà. "Olè oníwà pẹ̀lẹ́." Ó sì gbá aṣọ náà mọ́ àyà. "Kí ni ọmọ náà á wá mu, Ìyá Ìyíọlá?"

Mo tú ìborùn náà sórí tábìlì.

Déjì rìn wọlé. "Ìyá wa, rárá. Ẹ̀tọ́ yín ni. Wọn ò bi yín."

"Jókòó, Déjì. Tàbí kí o lọ wá àkísà rẹ."

Kò jókòó, kò sì lọ. Mo fa fọ́nrán àkọ́kọ́ létí ìró mi. Irun. N kò gba ìyẹn gbọ́, etí ni. Mo tú àárín rẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́, níbi tí aṣọ máa ń ká sínú jù lọ, mo fa fọ́nrán kan tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò kàn láti ọjọ́ tí a ti hun ún. Mo gbé e sí iná.

Kò sún kì. Ó jó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ìyẹ́ adìẹ.

Mo jó ti abẹ́ ìṣẹ́po. Mo jó ti bùbá, ti gèlè, ti ìborùn, ti fìlà. Mo jó ti agbádá kẹ́yìn, láàárín gbùngbùn ẹ̀yìn rẹ̀. Eérú náà fọ́ láàárín ìka mi, ó kúnná, ó dúdú, kò sí ìkán kankan nínú rẹ̀. Ó ti lọ sínú igbó fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì ti tó.

"Irun," ni mo wí.

Sàfú kò lu òǹtẹ̀. "Màmá, ẹ̀yin nìkan lẹ gbóòórùn rẹ̀," ni ó sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Èmi ò gbọ́ nǹkankan."

"Lu òǹtẹ̀, Sàfú."

Gbàm.

Wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ọjọ́ mẹ́jọ ni yóò ran irinwó ọmọ, bí tíṣà bá ń fi ṣíbí wọ̀n ọ́n. Mẹ́jọ pẹ̀lú mẹ́ta, mọ́kànlá. Ọkọ̀ irun, mẹ́rìnlá. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù tí n kò mọ ohun tí wọn yóò mu. Mo sọ ọ́ fún Déjì kí ó má ṣe rò pé mo gbàgbé. Ó mi orí. Ó ti rí àkísà kan, ó ti rẹ ẹ́ sínú omi, ó ń ro tó-tó-tó lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì lè gbé ẹsẹ̀.

"Lọ nù ún," ni mo wí. "Òfin ni."

Láti yàrá àwọn agéṣọ, mo gbọ́ abẹ àwọn obìnrin náà bí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé, sáú, sáú. Mo mọ ìgbà tí wọ́n dé ibi agbádá, nítorí ó nípọn, abẹ sì ń lọ́ra.

Nígbà náà ni Màmá Dárasími fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde. Ó lọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá àwọn agéṣọ, aṣọ rẹ̀ ní abíyá.

"Ta ló hun èyí tí ẹ̀ ń gé yẹn?" ni ó bi wọ́n.

Àwọn obìnrin náà wo ara wọn. Ọ̀kan ní, "Màmá, a ò gbọ́dọ̀ pè é mọ́."

"Ẹ̀yin ò gbọ́dọ̀ pè é. Èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba." Ó mí sínú. Ohùn rẹ̀ kò ga, ó ti gbó jù. "Ọláòṣebìkan!"

Abẹ dúró. Déjì, pẹ̀lú àkísà rẹ̀ lọ́wọ́, ló kọ́kọ́ dáhùn, ó sì rọra sọ ọ́ bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Omi ẹ tòrò o."

Mo fẹ́ fìtílà pa. Àwọn mẹ́rin ṣì wà lórí ìlà níta pẹ̀lú àpò irun wọn. Mo dìde, mo rìn lọ sí ìdí ilẹ̀kùn, mo yí pátákó kékeré náà padà. Láti ọdún mẹ́sàn-án ni ojú rẹ̀ kejì ti wà ní ìdojúkọ igi, lẹ́búlẹ́bú sì ti bò ó, ó funfun, kò ṣeé kà. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún títí ọ̀rọ̀ náà fi hàn.

Imú ti dí.

Lẹ́yìn náà ni mo wá jókòó.